Oorun Inú Yàrá Iṣẹ́-Abẹ: Ọ̀rọ̀ àti Ìbẹ̀rù Aláìsàn



Ìbéèrè kan wà tí aláìsàn máa ń bi dókítà kí iṣẹ́-abẹ tó bẹ̀rẹ̀: 'Ṣé n óò jí?' Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni ó bí ìbéèrè náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1846, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, William Morton mú kí aláìsàn kan fa ooru oògùn ether símú kí wọ́n tó gé kókó ọrùn rẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Oliver Wendell Holmes, dókítà tí ó tún jẹ́ akéwì, dábàá orúkọ kan láti inú èdè Gíríìkì fún ipò náà: anaesthesia, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ àìní-ìmọ̀lára. Àwa Yorùbá kò pè é bẹ́ẹ̀. Oògùn oorun ni a pè é, abẹ́rẹ́ oorun. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Nínú àṣà wa, a kì í lọ sùn kí a má wí pé, 'Ó dàárọ̀, ká jí ire.' Ẹni tí a bá sì dárúkọ oorun fún kò ní ṣàì béèrè jíjí. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ojo.

Àfiwé yìí fi nǹkan méjì pamọ́. Èkíní ni agbára oògùn náà. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tí ó gba oògùn yìí kò sí nínú méjèèjì: bí a gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kò ní jí títí oògùn yóò fi dá lára rẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ kò lè dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ inú ikùn lè gòkè, kí ó sì ya sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí a má ṣe jẹun fún wákàtí 6, ó kéré tán. Ẹni tí ó bá kà á sí oorun lásán lè yọ́ jẹ ẹ̀kọ, kí ó sì fi àgbo tí ó mu pamọ́.

Èkejì ni ìṣọ́. Bí a bá sùn nílé, kò sí ẹni tí ń ka èémí wa. Nínú yàrá iṣẹ́-abẹ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa ṣọ́ èémí aláìsàn àti lílù ọkàn rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi há a ní ìka yóò sì máa sọ bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó. Nígbà tí Michael Jackson kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2009, orúkọ oògùn propofol di ohun ìbẹ̀rù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nínú ilé ni wọ́n ti ń fún un, nítorí àìróorunsùn, láìsí ìṣọ́ tí ó yẹ. Ní ọdún 2011, ilé-ẹjọ́ dá dókítà rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ wo ibi tí gbígba àfiwé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ gbé ni dé!

Nítorí náà, 'Ẹ sáà sùn' kò tó ní ìdáhùn. Kí dókítà wí pé: 'Bàbá, oògùn yìí lágbára, ṣùgbọ́n a ó máa ṣọ́ èémí yín títí ẹ ó fi lajú. Kí ni ẹ jẹ? Kí ni ẹ mu? Ǹjẹ́ irú oògùn yìí ti da ẹnikẹ́ni láàmú rí nínú ẹbí yín?' Kí bàbá náà sì sọ òtítọ́. Ẹni tí a kò bá bú nítorí ìbéèrè rẹ̀ ni yóò lè jẹ́wọ́ àgbo tí ó mu.