Òkúta Tí Kì í Yẹhùn
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ wa

A wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn àgbà kì í sábà jókòó lé lórí. Ìdí tí a fi gbé e wá kò jìnnà. Ní ìpàdé kan tí ó ti kọjá, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí a bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní èdè Yorùbá dára fún òwe, fún oríkì àti fún ìwàásù, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ní láti bọ́ èdè náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ẹni bọ́ bàtà. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá. A kò dáhùn ní ọjọ́ náà, nítorí pé a kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. A padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, a sì wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pé a ó kan ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì kan tí yóò máa gbọ́ ìgbì kúkúrú láti òkèèrè, àti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Yorùbá ni a ó fi ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹ̀rí náà ni ó wà lórí tábìlì níwájú yín yìí.

Kí a tó dé ibi òkúta, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń gbọ́ràn. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ní iye ìgbà tí iná rẹ̀ ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí ó bá ń mì ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ ìgbà ni à ń pè ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 1. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀ sì ni kìlóhẹ́ẹ̀tìsì. Ìgbì kúkúrú bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 3, ó sì dé 30. Ohun tí ń mì kánkán tó bẹ́ẹ̀ ṣòro láti yà sọ́tọ̀ kúrò lára aládùúgbò rẹ̀. Ní ọdún 1918, Edwin Armstrong, ará Amẹ́ríkà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ní ìlú Paris, dá ọgbọ́n kan sí i. Ó ní kí ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ní ohùn kékeré tirẹ̀ nínú. Kí a da ohùn náà pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti òkèèrè wá. Iye tí ó bá ṣẹ́kù nígbà tí a bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì ni kí a mú. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí a ti ń lu agogo méjì tí ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yóò ti gbọ́ nǹkan kan tí ń rú jáde láàárín wọn, tí ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi, tí ó sì lọ́ra ju àwọn méjèèjì lọ. Kò sí ẹni tí ń lu ẹ̀kẹta yẹn. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wa wá orúkọ fún ohùn inú ẹ̀rọ yìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gùn, kò sì sọ nǹkan kan fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Alàgbà, ṣé kì í ṣe elégbè ni? Ẹni tí ó wà lókèèrè ló ń dá orin, èyí tí ó wà nínú ilé sì ń gbè é." Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní elégbè.

Elégbè tí a kọ́kọ́ kàn, wáyà tí a ká mọ́ igi kékeré àti kapásítọ̀ kan ni a fi ṣe é. Ó ń kọrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin rẹ̀ kò dúró. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ àyàn mọ̀ pé awọ ìlù a máa dẹ̀ nígbà òjò, onílù a sì máa yá a lójú oòrùn tàbí létí iná kí ohùn rẹ̀ tó là. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wáyà kíká rí. Bí ooru bá mú un, yóò fẹ̀ díẹ̀; bí ọwọ́ bá súnmọ́ ọn, ohùn rẹ̀ yóò yí. A tan án ní agogo mẹ́jọ alẹ́, a rí ilé iṣẹ́ kan gbọ́ kedere. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ó ti rìn ju kìlóhẹ́ẹ̀tìsì 5 lọ. Kìlóhẹ́ẹ̀tìsì 5, 5 ni a sì fi ń pín ààyè fún àwọn ilé iṣẹ́ orí ìgbì kúkúrú, nítorí náà ìròyìn tí a jókòó tì ti di orin ará ibòmíràn. Agogo kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ni, òjò kò mú un dẹ̀, ọyẹ́ kò sì mú un le. Agogo ni a ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Ìfihàn mọ orúkọ òkúta náà: kristali. Irú rẹ̀ tí a ń lò ni àwọn Òyìnbó ń pè ní quartz. Ní ọdún 1880, Jacques Curie àti Pierre Curie àbúrò rẹ̀ rí i ní Paris pé bí a bá tẹ irú òkúta bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná a máa yọ lára rẹ̀. Ní ọdún kejì wọ́n tún fi hàn pé bí a bá fi iná sí i lára, òkúta náà yóò yíra padà díẹ̀. Bí a bá wá gé e pẹlẹbẹ, ó ní iye ìgbà tí ó fẹ́ràn láti máa mì, gẹ́gẹ́ bí agogo ṣe ní ohùn tirẹ̀. Bí ó bá ti tín-ín-rín tó ni ó ń yára tó. Èyí tí ń mì ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 9 kò nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Walter Cady, ará Amẹ́ríkà, fi í ṣàkóso elégbè ní ọdún 1921; ní ọdún 1934 ni a sì rí ọ̀nà ìgé kan tí ooru àti òtútù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nípá lórí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilẹ̀ Bràsílì ni ọ̀pọ̀ jù lọ òkúta yìí ti ń wá, ilẹ̀ kan náà tí a kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ ṣe ẹrú. Lónìí, inú ìkòkò irin ńlá ni a ti ń mú un hù, pẹ̀lú ooru àti agbára ńlá.

A kò kan ẹ̀rọ tuntun látòkèdélẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà ní yàrá àwọn olùkọ́ tí kò mọ̀ ju ìgbì àárín lọ, láti kìlóhẹ́ẹ̀tìsì 530 dé 1600. Àpótí kékeré ni a fi síwájú rẹ̀. Bí elégbè inú àpótí bá ń kọrin ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 9 láìyẹsẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó wà ní 9.6 yóò bọ́ sí 600 lójú ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Èyí tí ó wà ní 9.8 yóò bọ́ sí 800. Ẹ yọ 9 kúrò, ó parí.

A rán ènìyàn lọ ra òkúta oní-9. Oníṣòwò tí ó bá pàdé fún un ní ọ̀kan, ó ní òun náà ni. Nígbà tí a gbé e wò lábẹ́ awò, 27.000 ni a kọ sí i lára. Owó ti lọ. Inú wa bàjẹ́, a sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àlùfáà sọ nípa oníṣòwò náà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìbànújẹ́ náà sílẹ̀ ná, a ó padà bá a.

Òkúta kò lè máa mì fúnra rẹ̀ títí. Ọmọ tí ó wà lórí jangirófà yóò dúró bí ẹnikẹ́ni kò bá tì í. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń fi ìka kan ṣoṣo tì í ní àkókò tí ó yẹ, kò ní í dúró mọ́. Tiransísítọ̀ ni atini wa, 2N3904 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. A pe ọ̀kan ní ìdí, èkejì ní atújáde, ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pè ní agbowó-òde. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n orúkọ náà dúró. Agbowó-òde lọ tààrà sí bátìrì oní-fóòtì 9. Rẹsísítọ̀ méjì, ẹgbẹ̀rún 33 óòmù kọ̀ọ̀kan, gbé ìdí ró láàárín bátìrì àti ilẹ̀. Òmíràn tí ó jẹ́ 2,200 óòmù wà láàárín atújáde àti ilẹ̀. Kapásítọ̀ oní-píkófárádì 100 wà láàárín ìdí àti atújáde, ìkejì rẹ̀ sì wà láàárín atújáde àti ilẹ̀: àwọn méjì yìí ni ó ń mú kí títì náà bọ́ sí àkókò. Òkúta fúnra rẹ̀ wà láàárín ìdí àti ilẹ̀, pẹ̀lú kapásítọ̀ tí a lè yí, kí a lè fà á díẹ̀ sókè tàbí sódò. A fi òjé jó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Kò kọrin. Ọjọ́ méjì ni a fi wò ó. Ní ọjọ́ kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, béèrè ohun tí ó mú kí a kọ 101 sára kapásítọ̀ kan, tí a sì kọ 104 sára ìkejì. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni iye òdo tí a ó fi sí i: 101 jẹ́ 10 pẹ̀lú òdo kan, èyí ni 100, 104 jẹ́ 10 pẹ̀lú òdo mẹ́rin, èyí ni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Àwa tí a ti ń kọ́ni ní ìṣirò láti ìgbà èwe wa ni a jó o mọ́ ọn.

Nígbà tí a pààrọ̀ rẹ̀, a yá ẹ̀rọ ìgbì kúkúrú kan láti wò ó bóyá a ó gbọ́ elégbè ní 27. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ìró tín-ín-rín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣáà ń yí ẹ̀rọ náà lọ sísàlẹ̀; nígbà tí ó dé 9, ariwo afẹ́fẹ́ dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí ọba wọlé. A pa elégbè, ariwo padà; a tan án, ó tún dákẹ́. Òkúta tí a kọ 27 sí lára ń kọrin ní 9! Àlàyé rẹ̀ nìyí: òkúta oní-27 ìbá tín-ín-rín jù, ìbá sì tètè fọ́, nítorí náà àwọn aṣòkúta a máa gé e ní ìwọ̀n oní-9, wọn a sì fi ohùn kẹta rẹ̀ ta á, nítorí pé ó lè mì ní ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún, tàbí méje. Ẹni tí ó bá fẹ́ ohùn kẹta ní láti fi wáyà kíká fi ipá mú un. Àwa kò fi ipá mú un, ó sì kọ orin tí a bí mọ́ ọn. Ó fi kìlóhẹ́ẹ̀tìsì díẹ̀ yàtọ̀ sí 9 gan-an, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ àtijọ́ wa kò rí ìyàtọ̀ náà. Bóyá kí a tọrọ gáfárà lọ́wọ́ oníṣòwò náà, a kò tíì pinnu.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Fort Collins, ní Colorado ní Amẹ́ríkà, WWV ni orúkọ rẹ̀, tí kíka àkókò jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 10 pẹ̀lú àwọn ààyè mìíràn. Ní òru ọjọ́ kan a yí ẹ̀rọ àtijọ́ sí 1000, a sì gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan tí ń sọ iye tí aago wí. A fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ohùn náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ojú ọ̀run ti ń yí padà, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí 1000. Ní òwúrọ̀ a rí i pé aago ilé ìsìn wa ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn.

Àbùkù kò tán lára rẹ̀. Ohun tí ó bá wà ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì 8 náà lè yọ́ wọlé sórí 1000, nítorí pé ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 9 dọ́gba pẹ̀lú ti 10. Wáyà kíká tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àpótí ni ó ń lé e, kì í sì í lé e tán. Ilé iṣẹ́ ìgbì àárín tí ó bá súnmọ́ wa náà a máa gba ẹ̀yìn wọlé; ìdí rẹ̀ nìyí tí àpótí náà fi jẹ́ páànù.

Ní ti èdè, a yá ọ̀rọ̀. Kapásítọ̀, rẹsísítọ̀, tiransísítọ̀: a kò bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa náà yá àlùbọ́sà àti bátànì, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ṣùgbọ́n títì jangirófà, ìdẹ̀ awọ ìlù, elégbè àti agogo, a kò yá wọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn sì ni ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ mọ ohun tí ó ń béèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò wọn, a mọ̀. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọn yóò sì kọ síbẹ̀.

Àgbà tí ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà wà láàárín wa. Baba, a bẹ̀ yín, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín yí i. A ti so wáyà ẹ́ríà mọ́ igi àgbálùmọ̀ ẹ̀yìn ilé. Kí akọ̀wé bá wa pa àwọn iná gbọ̀ngàn yìí, nítorí ariwo wọn ń wọ inú ẹ̀rọ. Fìtílà kan tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 600, Baba, kí ẹ máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀.