Àpá Dúdú Tí Irorẹ́ Ń Fi Sílẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Fẹ̀sọ̀ Mú Un

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ojú. Ilé mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọbìnrin mi ti gbà kí n sọ ọ́. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, irorẹ́ bo ojú rẹ̀. Bí irorẹ́ náà ti ń lọ ni ó ń fi àpá dúdú sílẹ̀. Kò sí àǹtí tí yóò wọlé wa tí kò ní bi í pé, "Kí ló ṣe ojú ẹ?" Ọmọ náà kì í fèsì. Ṣùgbọ́n ó yọ́ lọ ra ìpara kan ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra ẹ̀lùbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Èmi nọ́ọ̀sì pàápàá yìn ín! Nígbà tí ìpara tán, ojú gbóná, ó ń ta á, irorẹ́ sì tún yọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ni mo tó rí páálí rẹ̀: clobetasol, steroid líle tí kì í ṣe ti irorẹ́ rárá.

Kí ni àpá yìí gan-an? Kì í ṣe ìdọ̀tí. Nígbà tí irorẹ́ bá mú awọ wú, awọ a máa pọn aró dúdú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń hàn lójú àwa adúláwọ̀ ju ti òyìnbó lọ. Púpọ̀ nínú rẹ̀ a máa ṣá fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ju ọdún kan lọ.

Kí ni kí á ṣe?

Èkíní, ẹ tọ́jú irorẹ́ ná. Bí òrùlé bá ṣì ń jò, a kò lè nu ilẹ̀ tán. Benzoyl peroxide wà lọ́dọ̀ apòògùn láìsí ìwé dókítà. Ẹ ṣọ́ra, ó máa ń ba àwọ̀ aṣọ jẹ́. Bí kò bá tó, ẹ lọ rí GP yín. Ó lè kọ adapalene fún yín, ṣùgbọ́n aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Ó sì lè kọ azelaic acid, tí ń bá irorẹ́ jà, tí ó sì ń mú àpá ṣá. Ẹ fún ìtọ́jú ní ọ̀sẹ̀ 12 kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Èkejì, ẹ má tẹ irorẹ́, ẹ má fi kànhìnkànhìn ha ojú, ẹ má sì fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ẹ má jẹ́ kí òróró irun ṣàn dé iwájú orí.

Ẹ̀kẹta, oòrùn a máa mú àpá dúdú sí i. Ẹ fi ìpara tí ń dènà oòrùn pa ojú láràárọ̀, SPF 30 ó kéré tán, pàápàá bí ẹ bá lọ kí ilé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sá fún ìpara abóra. Hydroquinone tí a lò pẹ́ lè sọ ojú di dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mercury ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní Bìrìtéènì níbí, òfin kò gbà kí ṣọ́ọ̀bù ta wọ́n fún ìpara ojú. Ẹni tí ó bá ti ń lo steroid pẹ́, kó má kàn dá a dúró lójijì. Kó mú páálí rẹ̀ lọ bá dókítà. Kí ojú má tì í.

Ó gbà wá ní ọdún kan gbáko kí ojú ọmọ mi tó wálẹ̀. Àpá díẹ̀ ṣì kù, kò sì fi ọwọ́ bo ojú mọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí ẹ bá wọ ilé onílé, ẹ kí ọmọ, ẹ bi í nípa ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti rí i nínú dígí kí ẹ tó dé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.