Iṣẹ́ ni Ogún, Kì í Ṣe Àga: Ìtàn Ìdílé Toyoda àti Ilé Iṣẹ́ Toyota

 

Kò sí títì kan nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ ó dúró sí tí Toyota kò ní kọjá lójú yín. Hiace ń kó èrò, Corolla ń ṣe takisí, Camry tòkunbọ̀ sì wà níwájú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn mẹkáníìkì wa lè tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà láì wo ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé orúkọ ìdílé kan ni orúkọ ọkọ̀ náà ti wá, àti pé aṣọ híhun ni ìdílé náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn wọn ni mo mú wá lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a rí dì mú nínú rẹ̀: iṣẹ́ ni àwọn ará ilé Toyoda fi jogún fún ara wọn. Àga, ẹni tí iṣẹ́ bá yàn ló ń jókòó lé e.

Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà

Ọdún 1867 ni wọ́n bí Sakichi Toyoda ní abúlé Yamaguchi lórílẹ̀-èdè Japan, ní agbègbè tó di ìlú Kosai lónìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, ó sì tún ń dáko. Ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ nílé, bí ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé náà ti ń ṣe. Iṣẹ́ bàbá ni Sakichi kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá ló gbà á lọ́kàn. Ó ń wo bí iṣẹ́ òfì ṣe ń tán àwọn obìnrin lókun, ó sì ń ronú bí igi àti ìṣó tí ó mọ̀ ọ́n lò ṣe lè dín wàhálà náà kù.

Lọ́dún 1890, ó lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Tokyo, ó ń wo ẹ̀rọ lójoojúmọ́ títí ìyàlẹ́nu fi bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Lọ́dún náà ló gbẹ́ òfì onígi tirẹ̀. Nínú òfì ti àtijọ́, ọwọ́ méjèèjì ni ahunṣọ fi ń ju ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú lọ, tó sì fi ń gbà á padà. Ní ti Sakichi, ọwọ́ kan péré ti tó. Ní 1891, ìjọba fún un ní ìwé àṣẹ pé òun ló ṣe é, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láì gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó tó tó ọdún mẹ́wàá sí i, ó ti ṣe èyí tí agbára ooru omi ń wà.

Ọgbọ́n ọwọ́ kò ní kí owó má wọ́n o. Ní 1907, àwọn olówó bá a dá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọjà kò lọ mọ́, ní 1910, àwọn kan náà ni wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Ó bọ́ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ó lọ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é. Nígbà tó dé, ó dá ilé ìhunṣọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Nagoya lọ́dún 1911, kó lè máa fi èrè aṣọ bọ́ ìwádìí ẹ̀rọ. Ilẹ̀ tí ilé ìhunṣọ yẹn wà ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Toyota sí báyìí.

Ẹ̀rọ tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi ẹ̀rọ yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí ti yọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé òwú a máa já. Bó bá já lọ́wọ́ ènìyàn, ojú á rí i, ọwọ́ á dúró, a ó so ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lójú. Bí òwú kan bá já, ẹ̀rọ yóò máa hun lọ ni, aṣọ tó ní àbùkù yóò sì máa jáde wá títí ẹnìkan yóò fi rí i. Nítorí náà ni ènìyàn kan fi gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó máa ṣọ́ ọ.

Sakichi gbé irin pẹlẹbẹ kékeré kọ́ ara òwú kọ̀ọ̀kan. Bí òwú bá le dáadáa, irin náà yóò wà lókè. Bí òwú bá já, irin á já bọ́, á dí ẹ̀rọ lọ́nà, ẹ̀rọ á sì dúró fúnra rẹ̀. Èyí tó pé jù nínú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ jáde ní 1924, Type G ni wọ́n pè é. Bí òwú inú ọ̀kọ̀ kan bá fẹ́ tán, ẹ̀rọ náà yóò pààrọ̀ rẹ̀ láì dẹ eré. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo wá lè bójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé èyí tó níṣòro nìkan ló ń pè é.

Ní 1926 wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Kariya láti máa ṣe ẹ̀rọ náà tà. Ní 1929, ilé iṣẹ́ Platt Brothers ti ìlú Oldham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń ta ẹ̀rọ ìhunṣọ fún gbogbo ayé tipẹ́, gbà láti san 100,000 pọ́n-ùn kí wọ́n lè máa ṣe irú rẹ̀. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ti di olùkọ́ àwọn ọ̀gá. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Sakichi kú.

Àna lórí àga

Sakichi bí Kiichiro ní 1894. Ìyá ọmọ náà kúrò nílé, Sakichi sì fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó bí Aiko. Ẹ̀yin tó mọ ilé wa mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ọbàkan ni wọ́n. Nígbà tí Aiko lọ́kọ, wọ́n gba ọkọ rẹ̀, Rizaburo, sínú ìdílé bí ọmọ. Ọjọ́ orí Rizaburo ju ti Kiichiro lọ, ó sì mọ òwò. Kiichiro ní tirẹ̀ kàwé ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo, ẹ̀rọ ló mọ̀.

Kiichiro ló fẹ́ ṣe mọ́tò. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó Tokyo ní 1923, ọ̀nà ojú irin bàjẹ́, àwọn ènìyàn sì rí ìwúlò lọ́rì. Kò pẹ́ tí Ford fi bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Yokohama ní 1925, tí General Motors sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Osaka ní 1927. Ta ni yóò bá wọn du ọjà? Ní 1933, Kiichiro ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ fún mọ́tò. Wọ́n tú ọkọ̀ Chevrolet palẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń da irin fún ara ẹ́ńjìnì ni ihò ń yọ nínú rẹ̀, ti wọ́n dànù kò lóǹkà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n dà. Lọ́rì G1 jáde ní 1935, ó sì ń kú sójú ọ̀nà lemọ́lemọ́. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ AA tẹ̀lé e ní 1936. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Japan ṣe òfin tó fún àwọn ọmọ onílẹ̀ láǹfààní lórí àwọn àjèjì, nítorí pé àwọn ológun ń fẹ́ lọ́rì. Kí a má ṣe fi èyí pamọ́: òfin àti ogun wà lára ohun tó gbé ilé iṣẹ́ yìí dìde.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1937, ilé iṣẹ́ mọ́tò dá dúró. Ta ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà? Rizaburo, ọkọ ọmọ. Kiichiro tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọmọkùnrin olóògbé, di igbákejì. Ó di 1941 kó tó gorí àga.

Ọdún 1950

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó gbọ̀n dànù ní Japan. Ọkọ̀ kò tà, gbèsè pọ̀, owó oṣù kò jáde bó ti yẹ. Kiichiro ti ṣèlérí pé òun kò ní lé òṣìṣẹ́. Àwọn báńkì tó kó owó sílẹ̀ ní àfi kí iye òṣìṣẹ́ dín kù, kí ilé iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ sì yà kúrò lára èyí tó ń ṣe é. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi yanjú, ó lé ní 1,500 ènìyàn tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1950, Kiichiro náà kọ̀wé fipò sílẹ̀. Bí òun kò ti lè mú ìlérí ṣẹ, kò tọ́ kí òun jókòó kí ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Taizo Ishida, tí kì í ṣe ọmọ ilé, ni wọ́n gbé ipò fún. Oṣù kan náà ni ogun Korea bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra lọ́rì. Ọjà dé lẹ́yìn tí ọlọ́jà ti lọ. Ní 1952, Ishida bẹ Kiichiro kó padà wá. Ikú ti mú un lọ kó tó padà, ẹni ọdún 57 ni.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé

Ẹni tó sọ ọgbọ́n Sakichi di ètò ilé iṣẹ́ mọ́tò kò bá ìdílé náà tan. Taiichi Ohno ni. Ilé ìhunṣọ Toyoda ló ti ṣiṣẹ́ kó tó bọ́ sí ti mọ́tò ní 1943. Ó gbọ́ bí àwọn ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe: ohun tí oníbàárà bá gbé kúrò lórí pẹpẹ ni wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò. Ó mú un wọ ilé iṣẹ́: apá kan kò gbọdọ̀ ṣe ju ohun tí apá tó tẹ̀ lé e béèrè lọ, páálí pélébé sì ni wọ́n fi ń béèrè. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ tó bá rí àbùkù ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, kódà bó jẹ́ pé àná ló dé. Irin pẹlẹbẹ ara òwú ti di okùn tí òṣìṣẹ́ ń fà.

Eiji Toyoda, ọmọ àbúrò Sakichi, ló dúró lẹ́yìn Ohno. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i fún wọn. Ọkọ̀ Crown tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1957 kò lè sá eré títì ibẹ̀, wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní 1960. Wọ́n padà sílé, wọ́n tún un ṣe. Corolla jáde ní 1966, èyí tí wọ́n sì ti tà láti ìgbà náà ti lé ní mílíọ̀nù 50.

Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀jẹ̀ Japan ló ń ṣe é, ẹ bá mi wo Fremont ní California. General Motors ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa níbẹ̀ ní 1982, nítorí ìjà àti ìpaṣẹ́jẹ. Ní 1984, Toyota bá wọn ṣí i padà. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ni. Ètò iṣẹ́ nìkan ló yí padà, ọkọ̀ tó sì ń jáde níbẹ̀ wá dára débi pé àwọn ọ̀gá General Motors ń wá wò ó.

Ìgbà tí òwú já tí ẹ̀rọ kò dúró

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ẹni mímọ́ ni mo ń ròyìn. Ní 2008, Toyota borí General Motors, ó di ẹni tó ń ta ọkọ̀ jù lágbàáyé. Láàrin 2009 àti 2010, àwọn oníbàárà ń kígbe pé ọkọ̀ ń sá eré láì tẹ̀ ẹ́, Toyota sì ní láti pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà fún àtúnṣe. Akio, ọmọ-ọmọ Kiichiro, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá àgbà ní 2009, lọ dáhùn ìbéèrè níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní oṣù kejì 2010. Ó gbà pé ìdàgbàsókè wọn yá ju bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ lọ. Ní 2014, wọ́n san bílíọ̀nù kan àti igba mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà nítorí òtítọ́ tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn oníbàárà. Òwú já, ojú rí i, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa hun lọ. Ìtìjú ibẹ̀ ju owó ìtanràn lọ. Ní 2023, Akio gbé àga fún Koji Sato, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe ọgbọ́n ló wọ́n wa. Ẹ wo àwọn tó ń rọ irin, tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlọgbàdo àti ẹ̀rọ gàrí ní ìlú wa gbogbo. Ohun tó ń pa iṣẹ́ wọn ni ọjọ́ tí bàbá bá kú. Wọn yóò jókòó, wọn yóò ní kí a pín in ní ìdí igi. Ìdí igi kan mú ẹ̀rọ tó ń lọ irin, òmíràn mú ẹ́ńjìnì, òmíràn mú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó mú iṣẹ́. Ọmọṣẹ́ tó mọ gbogbo rẹ̀ lórí ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé, nítorí pé kì í ṣe ọmọ bàbá. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé, ẹ̀yin tó ní ilé iṣẹ́. Ẹ forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kó má jẹ́ ẹrù bàbá lásán. Ẹ kọ ọgbọ́n iṣẹ́ yín sínú ìwé nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jogún ìpín nínú èrè, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ iṣẹ́ jókòó lórí àga, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe àna, ìbáà ṣe ọmọṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́, ẹ dá a dúró kí oníbàárà tó rí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú.