Ọyẹ́, Èédú àti Àpò Ẹgbẹ́: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Sọ ní Ìpàdé Ẹ̀ka Apo

N kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ, nítorí náà ẹ má retí kí n sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí mo kà, àti èyí tí mo bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè, ni n óò sọ, nítorí ìnáwó kan wà níwájú ìpàdé yìí tí a ní láti fẹnu kò lé lórí.

Gbogbo wa ni a mọ ọyẹ́ láti ilé. Ṣùgbọ́n àlejò ni ọyẹ́ ilé: ó dé, ètè wa là, a fi òrí para, ó lọ. Ọyẹ́ Òkè Ọya níhìn-ín, onílé ni. Láti ìparí oṣù November títí wọ oṣù March ni ó lè fi bá wa gbé. Aṣálẹ̀ Sahara ni ó ti ń fẹ́ bọ̀. Ní ilẹ̀ Chad, ibì kan wà tí ó ń jẹ́ Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Afẹ́fẹ́ a gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá, a sì gbọn eruku ibẹ̀ dìde. Eruku Sahara yìí ni ó ń bo ọjà wa lórí àtẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a tilẹ̀ ré òkun kọjá dé igbó Amazon. Ẹ wo ohun tí à ń fi àkísà nù láràárọ̀!

Otútù ńkọ́? Ìkùukùu ni aṣọ ìbora ilẹ̀ lóru. Nígbà ọyẹ́, ojú ọ̀run kò ní ìkùukùu, afẹ́fẹ́ sì gbẹ, gbogbo ooru tí oòrùn fi sílẹ̀ lọ́sàn-án a sì bá òkè lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń làágùn ní agogo méjì ọ̀sán, tí eyín wa sì ń gbá ara wọn ní ìdájí. Ní Kano, òru oṣù January a máa wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Jos ó lè wá sísàlẹ̀ 10. Ti Apo kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kò nílò àlàyé.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni èédú. Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ méjì nínú ilé kan lẹ́yìn wa gbé ìkòkò èédú wọ yàrá, wọ́n ti fèrèsé, wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyá aláàkàrà tí ó wá kanlẹ̀kùn ní ìdájí láti gba owó rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbèsè àkàrà ni ó yọ wọ́n.

Èédú tí ó ti pọ́n, tí kò rú èéfín mọ́, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò léwu. Bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Orí a fọ́ni, òòyì a kọ́ni, èébì a gbéni. Ẹni tí ó sì ti sùn kò níí mọ ìkankan. Ní oṣù February 2021, ìjì yìnyín kọlu Texas ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé ní Houston. Iná kú ní ilé tí ó ju mílíọ̀nù 4 lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka òkú 246. Kì í ṣe otútù nìkan ni ó pa wọ́n. Àwọn kan tan jẹnẹrétọ̀ tàbí mọ́tò níbi tí atẹ́gùn kò ti ráyè, gáàsì yìí sì pa wọ́n.

Nípa àìsàn ọrùn gan, tí àwọn Haúsá ń pè ní sankarau, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín kò gbàgbé ọdún 1996, nígbà tí ó kọlu ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ní Nàìjíríà. Ó tún pa ju 1,000 lọ ní 2017. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun ti dé ní 2024, Nàìjíríà ni ó sì kọ́kọ́ lò ó ní gbogbo ayé. Ẹ gbé ọmọ lọ gbà á bí ẹ bá gbọ́ ìkéde.

Ó wá ku àwọn ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Otútù a máa ta egungun wọn jí, òùngbẹ náà sì ń ṣe é. Kúbùsù, omi mímu, àti mọ́tò tí yóò gbé wọn dé ọsibítù lóru ni wọ́n nílò.

Bàbá wa kan sọ ní ìpàdé tí ó kọjá pé owó ìsìnkú ni ó wà nínú àpò ẹgbẹ́, a kì í fi ra kúbùsù. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ ìnáwó sílẹ̀, mo sì mọ iye tí ó ń ná wa láti gbé òkú kan láti ibí dé Èkìtì tàbí Ọ̀ṣun. Owó òkú kan ṣoṣo yóò ra kúbùsù fún gbogbo àwọn ọmọ yìí, yóò sì ṣẹ́ kù fún epo mọ́tò.

Àbá mi nìyẹn. Àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí, ẹ fi orúkọ sí ọwọ́ Ìyá Ẹgbẹ́, kì í ṣe sí ọwọ́ mi, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń kà sétí gbogbo ìpàdé. Ìwé mi ti ṣí, gègé wà lọ́wọ́ mi. Kí Alága pe ìbò.