Wáyà Tàbí Òfurufú: Ọ̀nà Tí Àwòrán Rédà Ń Gbà Dé Ọ̀dọ̀ Atukọ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí bá gbogbo ẹni tí ń wa ọkọ̀ lórí omi mu. Ẹni tí ó bá ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí rí, nígbà tí kùrukùru bo ojú ọ̀sà, mọ bí ọ̀ràn náà ti máa ń rí. Ọkọ̀ tí ń bọ̀ níwájú kò hàn, bẹ́ẹ̀ ni etídò tí ó wà lẹ́yìn kò hàn mọ́. Atukọ̀ a rọra, a tẹ́tí sílẹ̀, a sì máa pariwo kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí ojú kò bá ríran mọ́, etí ni ó kù.

Ní àwọn ilẹ̀ kan, kùrukùru tí ó nípọn ju èyí lọ kì í ṣe ohun àjèjì. Ní etí òkun Maine, ní àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, atẹ́gùn tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ a máa fẹ́ kọjá lórí òkun tí ó tutù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọ̀rinrin inú rẹ̀ a sì di kùrukùru tí ó lè bo ojú omi fún odindi ọjọ́ kan. Ní ojú omi tóóró tí ó wà láàrin Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Calais ní ilẹ̀ Faransé, ọkọ̀ ńlá tí ó lé ní 400 ni ó ń kọjá lójoojúmọ́. Òfin àgbáyé ti sọ rédà di dandan fún ọkọ̀ òkun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tó tọ́ọ̀nù 300. Òfin náà kò kan ọkọ̀ kékeré ti àwọn apẹja àti ti àwọn onígbòkun, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ń ra rédà nítorí ẹ̀mí ara wọn. Láàrin irú àwọn wọ̀nyí ni ìbéèrè kan ti dìde: ṣé wáyà ni kí ó gbé àwòrán rédà wá síwájú atukọ̀ ni, tàbí kí àwòrán náà gba òfurufú?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Rédà dà bí ẹni tí ó kígbe sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tí gbohùngbohùn sì dá a lóhùn. Orí ẹ̀rọ náà wà nínú ìgò ńlá funfun bí igbá tí a dé, tí a so mọ́ òpó ọkọ̀ tàbí sí orí òrùlé yàrá atukọ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń rán ìgbì rédíò jáde ní kúkúrú kúkúrú. Bí ìgbì náà bá kan àpáta, irin tàbí ọkọ̀ mìíràn, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò padà wá. Ìgbì rédíò ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 100,000, nínú ìdá kan ṣoṣo ni ìgbì náà yóò fi lọ kan ọkọ̀ tí ó wà ní kìlómítà kan àti ààbọ̀, tí yóò sì padà dé. Ẹ̀rọ náà ń wọn àkókò yìí, ó sì ń fi mọ bí ohun náà ti jìnnà tó. Nínú ọ̀pọ̀ rédà kékeré, orí ẹ̀rọ ń yípo ní ìgbà 24 láàrin ìṣẹ́jú kan. Èyí ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá méjì àti ààbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìròyìn tuntun gbọ́dọ̀ ti òkè òpó sọ̀kalẹ̀ dé iwájú atukọ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Gbogbo rédà pátá ni ó ń gba òfurufú wá ọkọ̀ kiri. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà láti orí ẹ̀rọ dé ojú àwòrán. Àwọn àgbà tí ó gbé Èkó tàbí Ìbàdàn láyé àtijọ́ yóò tètè mọ ìyàtọ̀ náà. Láti ọdún 1935 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó, àpótí Rediffusion sì wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ibi tí wáyà bá dé ni ohùn rẹ̀ dé. Bí wáyà bá já, àpótí a dákẹ́. Nígbà tí rédíò oníbátìrì dé, ènìyàn lè gbé e lọ sí oko, ṣùgbọ́n òun náà a máa kùn, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ, a máa bọ̀. Olúkúlùkù ní ìwúlò tirẹ̀, olúkúlùkù sì ní àléébù tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti rédà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í mọ̀ títí wọn yóò fi sanwó tán. Rédà tí a pè ní aláìlówáyà kò bọ́ lọ́wọ́ wáyà pátápátá. Ẹ̀rọ DRS4W ti ilé-iṣẹ́ Furuno ń fi Wi-Fi rán àwòrán sí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì. Quantum ti ilé-iṣẹ́ Raymarine, tí ó jáde ní ọdún 2016, lè lo Wi-Fi tàbí wáyà, bí ó bá ti wu ẹni tí ó ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ fa wáyà iná sí láti inú bátìrì ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé òun yóò gbé rédà kọ́ sókè láìlu ihò kankan ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Kí wá ni èrè aláìlówáyà? Èrè rẹ̀ hàn jù lọ nínú ọkọ̀ onígbòkun. Òpó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ga, inú rẹ̀ há, okùn ìgbòkun àti wáyà iná mìíràn sì ti kún inú rẹ̀. Wáyà tí ń gbé àwòrán sábà máa ń nípọn, orí rẹ̀ a sì tóbi. Ó ṣòro láti fà á gba ibẹ̀. Ní Maine, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yọ òpó ọkọ̀ wọn nígbà òtútù, wọn a sì tún dá a padà nígbà tí ojú ọjọ́ bá móoru. Ibi tí a ti já wáyà tí a sì tún so ó ní ìdí òpó ni iyọ̀ òkun máa ń kọ́kọ́ jẹ. Wáyà iná nìkan rọrùn láti tọ́jú ju àwọn méjì lọ.

Àléébù òfurufú kò sì kéré. Wi-Fi kì í gba inú irin kọjá dáadáa. Bí ara ọkọ̀ tàbí yàrá atukọ̀ bá jẹ́ irin, tí ojú àwòrán sì wà nínú rẹ̀, ìròyìn lè máa já lójú ọ̀nà. Òpó kábọ̀nù náà a máa dí i lọ́wọ́. Ara ènìyàn pàápàá, nítorí omi tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, ń dín agbára ìgbì náà kù. Èrò mẹ́rin tí ó dúró sáàrin ọkọ̀ lè mú kí àwòrán máa ṣẹ́jú. Ní èbúté tí ọkọ̀ pọ̀ sí, Wi-Fi ti àwọn aládùúgbò a máa dàpọ̀ mọ́ra wọn bí ohùn ọjà. Bí ó bá sì jẹ́ tábúlẹ́ẹ̀tì ni atukọ̀ gbójú lé, bátìrì rẹ̀ lè tán, òjò sì lè mú kí ojú rẹ̀ má gbọ́ ti ìka mọ́.

Wáyà náà ní ìyà tirẹ̀. Ó lè máa ha ara òpó títí tí yóò fi bó, omi iyọ̀ sì lè wọ ibi tí a ti so ó. Ṣùgbọ́n àìsàn wáyà sábà máa ń fi ara hàn fún ẹni tí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò dì í mọ́ ògiri kí ó má ṣe mì, yóò sì jẹ́ kí ó tẹ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó wọ inú ilé ọkọ̀, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ dípò kí ó tọ wáyà wọlé. Ti òfurufú yàtọ̀. Lónìí ó lè dára, lọ́la ó lè bàjẹ́, láìsí ohun tí ojú rí.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé kí ni ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ já mọ́. Ọkọ̀ tí ń rin máìlì orí òkun 10 ní wákàtí kan yóò ti rin nǹkan bí mítà 150 nínú ìdajì ìṣẹ́jú. Ní alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Keje, ọdún 1956, ọkọ̀ Andrea Doria ti ilẹ̀ Ítálì àti Stockholm ti ilẹ̀ Sweden kọlu ara wọn nítòsí erékùṣù Nantucket ní Amẹ́ríkà. Àwọn méjèèjì ní rédà, àwọn méjèèjì sì ti rí ara wọn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó pàdé, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan rò pé òun rí kọ́ ni èkejì rò. Ènìyàn 51 ni ó kú. Kì í ṣe wáyà ni ó já lọ́jọ́ náà. Bí a bá lè ṣi àwòrán tí kò já kà bẹ́ẹ̀, kí ni a ó ti wí nípa èyí tí ń já? Òfin ìrìnnà òkun àgbáyé ti ọdún 1972 kìlọ̀ pé kí atukọ̀ má ṣe gbé ìpinnu ka orí ìròyìn díẹ̀, pàápàá ìròyìn rédà tí kò tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí kò ní rédà rárá pẹ̀lú. Àwọn apẹja tí ń ti etíkun Èkó àti ti Ìlàjẹ wọ òkun nínú ọkọ̀ pákó mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá ń kọjá lọ́dọ̀ wọn. Pákó kì í dá ìgbì rédà padà bí irin. Nínú ìgbì omi, ọkọ̀ pákó a máa hàn ní ìyípo kan, kí ó sì pòórá ní ìyípo méjì. Bí ọ̀nà àwòrán bá tún wá já ní ìyípo kan ṣoṣo tí ọkọ̀ náà ìbá hàn, atukọ̀ kò ní mọ̀ pé ènìyàn wà níwájú òun. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ọkọ̀ pákó gbé irin tí a ṣe láti dá ìgbì rédà padà kọ́ sókè. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí yíyàn ẹni tí ó ni rédà kì í fi í ṣe ọ̀ràn tirẹ̀ nìkan.

Níbi tí a bá bá ọ̀rọ̀ dé yìí, ìmọ̀ràn kò le. Ọkọ̀ apẹja tí rédà rẹ̀ wà lórí òrùlé, tí wáyà kò sì ní rìn ju mítà díẹ̀ lọ, kò ní ìdí láti lo òfurufú. Kí ó lo wáyà. Ọkọ̀ onígbòkun tí inú òpó rẹ̀ ti kún lè lo òfurufú, ṣùgbọ́n kí olówó rẹ̀ ra irú èyí tí ó lè gba wáyà bí ó bá di ọ̀ranyàn. Kí ó sì dán an wò ní èbúté fún wákàtí kan gbáko: kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí àwọn èrò dúró sí ibi tí wọn yóò dúró sí gan-an. Bí àwòrán bá já nígbà náà, yóò já nínú kùrukùru.

Yálà wáyà ni o tàbí òfurufú, kí atukọ̀ mọ ohun tí yóò ṣe bí àwòrán bá lọ: kí ó dín eré kù, kí ó tẹ́tí, kí ó sì fun fèrè. Òfin wí pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí ń rìn nínú kùrukùru gbọ́dọ̀ fun fèrè gígùn kan kí ìṣẹ́jú méjì tó kọjá, àti pé ọkọ̀ tí kò gùn tó mítà 12 lè lo ohun mìíràn tí ń dún dáadáa. Ohun tí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ti ń ṣe láti ìgbà láéláé nìyẹn. Ẹ̀rọ lè ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n alákàn kò fi ojú ẹlòmíràn ṣọ́ orí ara rẹ̀.