Mo Ń Jẹun Gidi, Kí Ló Dé Tí Inú Mi Ń Wú?

Ọ̀rọ̀ inú ni mo bá wá lónìí. Bí ẹ bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ti íápíìsì yín bọ etí dáadáa, torí pé a máa dárúkọ ìsó.

Ní ọdún tó kọjá, dókítà sọ fún bàbá mi pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìyá tó bí wọn náà, àrùn yẹn ló pa wọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo kó gbogbo gààrí, ìrẹsì àti búrẹ́dì ilé mi fún aládùúgbò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di oats pẹ̀lú wàrà láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, kábéèjì àti kùkúńbà lálẹ́. Bí ebi bá tún pa mí láàárín, mo mu wàrà ife kan sí i. Mo ní èmi ò ní tẹ̀lé wọn lọ́nà yẹn.

Kó tó di ọjọ́ kẹrin, ikùn mi ti le bí ìlù. Ṣòkòtò mi ò ṣe é dè mọ́. Ní ọ́fíìsì, mo máa ń sáré jáde lọ só ní kọ́rídọ̀, kí n má bàa dójú ti ara mi. Okun ò sí lára mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òyì kọ́ mi ní Bẹ́gà. Ìyá kan tó ń ta omi ló dì mí mú, tó sì fi mí jókòó.

Ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Bọ̀dá tó wà níbẹ̀ ò gba ẹ̀jẹ̀, kò béèrè ohun tí mo ń jẹ. Ó ní, "Táífọ́ọ̀dù àti ibà ni, àǹtí." Ó di oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò fún mi sínú ọ̀rá.

Mo pe bàbá mi. Wọ́n ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ? Oúnjẹ òyìnbó tí ò ń jẹ yìí ò bá inú wa mu." Kí n má parọ́, ó kù díẹ̀ kí n padà sídìí ẹ̀bà òkìtì mi, kí n gbàgbé gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo sin wọ́n lọ sí kílíníìkì wọn. Mi ò tíì fẹnu kan oògùn yẹn. Mo bi onímọ̀ oúnjẹ tó wà níbẹ̀ léèrè. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣáájú èyí, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń jẹ ẹ̀wà?" Mo ní, "Bóyá ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mà." Wọ́n ní, "Oúnjẹ yẹn ò burú. Bó o ṣe já lù ú ló burú." Wọ́n yíjú sí bàbá mi: "Bàbá, ẹ̀wà àti ewébẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ òyìnbó o."

Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ wọn nìyí.

Àkọ́kọ́ ni fáíbà. Ó wà nínú ẹ̀wà, ewébẹ̀ àti oats, kì í sì í dà nínú ìfun kékeré. Ẹ̀wà tún ní irú ṣúgà kan, raffinose àti stachyose, tí ara wa ò lè fọ́. Wọ́n máa lọ tààrà sí ìfun ńlá. Bakitéríà tó ń gbé níbẹ̀ ló máa jẹ wọ́n, bí wọ́n sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni gáàsì ń jáde. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe fún wa, ṣùgbọ́n ó máa ń gbà wọ́n lọ́sẹ̀ mélòó kan kó tó mọ́ wọn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ fáíbà tí kò dín ní gíráàmù 25 lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ la fi ń débẹ̀.

Ìkejì ni omi. Fáíbà máa ń fa omi. Bí omi ò bá tó, ìgbẹ́ á le, inú á sì kún sí i.

Ìkẹta ni wàrà. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí lórí bí wàrà ṣe ń dà nínú àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ṣúgà inú wàrà kì í dà dáadáa nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà Yorùbá. Ti àwọn Fúlàní darandaran yàtọ̀. Èmi sì ń mu wàrà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án!

Ìkẹrin ni àárẹ̀. Kábéèjì máa ń kún ikùn, ṣùgbọ́n okun inú rẹ̀ ò pọ̀. Bí èèyàn bá já gbogbo oúnjẹ bí ìrẹsì àti ẹ̀bà sílẹ̀ lójijì, ara á lo ṣúgà tó ti tọ́jú pa mọ́, omi àti iyọ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Ìyẹn lè fa òyì àti orí fífọ́. Ìyá yẹn ní, "Ebi ló ń pa ẹ́, ọmọ mi."

Wọ́n ní kí n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kò sí ibà, kò sí táífọ́ọ̀dù. Ká ní mo lo oògùn apakòkòrò yẹn ni, ì bá máa pa àwọn bakitéríà tí mo nílò gan-an.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bà kékeré bí ìkúùkù mi, ẹ̀fọ́ tó pọ̀ pẹ̀lú ẹja. Ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: mo máa ń rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, màá da omi náà nù, màá fi omi tuntun sè é. Nígbà míì, mọ́ínmọ́ín ni, torí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀. Mo ń fi omi se oats. Ohun tuntun kan péré ni mò ń fi kún un lọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú mi rọlẹ̀, okun mi sì padà.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo inú wíwú ni ti oúnjẹ o. Bí ẹ bá ń rù láìgbìyànjú, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ẹ ń bì tàbí tí inú rírun ń jí yín lóru, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó má ṣàdédé yí oúnjẹ padà láìsọ fún dókítà rẹ̀, torí pé ṣúgà ara lè wálẹ̀ jù.

Bàbá mi ti ń jẹ ẹ̀wà báyìí. Wọ́n ṣì ń pè é ní oúnjẹ òyìnbó, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa: oúnjẹ wo ló bá yín fà á rí? Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.