Àìsàn Ẹnu

Àìsàn kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Kì í ṣe àìsàn ara. Àìsàn ẹnu ni, èyí tí a máa ń pè mọ́ ara wa nígbà tí ojúṣe kan bá ń bọ̀ tí a kò fẹ́ ṣe.

Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ pé, a sì ti jẹ gbèsè owó oṣù méjì. A ní ibà dá wa dùbúlẹ̀. Àna wa ń ṣe òkú nílé. A ní ẹ̀yìn ń dùn wá, a kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Fóònù dún, ohùn tí ó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ rọlẹ̀, ikọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tí ó bá ní òun kò lówó, wọn a ní ahun ni. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ kò jẹ́, wọn a ní ó ti gbàgbé ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ara òun kò yá, àdúrà ni wọn yóò gbà fún un. Nítorí náà ni a ṣe ń sá sábẹ́ àìsàn.

Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn ọmọ ìjọ wa ní Òkè Ọya níhìn-ín. Kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí a sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ẹbí dá owó ìsìnkú lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó o. Dípò kí ó sọ bẹ́ẹ̀, ó ránṣẹ́ sílé pé òun wà lórí ibùsùn, òun kò lè dìde. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá rẹ̀, ẹni tí ó ti lé ní 70 ọdún, gbọ́ ọ ní ilẹ̀ Èkìtì. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó yá owó ọkọ̀, ó di ewé àgbo, ó sì sun ojú ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó bá ọmọ rẹ̀ ní iwájú ilé, ó ń fọ mọ́tò, ó ń súfèé. Ìyá náà kò bínú. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ òun ti gbádùn. Ní ọjọ́ Àìkú ó ní kí wọ́n mú òun wá sí Mísà kí òun ṣe ìdúpẹ́. Ó tú owó láti etí ìró rẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú pẹpẹ, ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í.

Lẹ́yìn Mísà ni ọkùnrin náà tọ̀ wá wá. A ní kí ó sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀ kí ó tó padà sílé. Ó sọ ọ́. Ìyá náà dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ni ó bi í pé, “Èló ni owó ọ̀hún, ọmọ mi?”

Ẹ̀yin ará, nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 13, Ámínónì ọmọ Dáfídì dùbúlẹ̀ bí aláìsàn. Baba rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò. Támárì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àkàrà fún un. Àánú wọn yẹn ni ó sọ di ìdẹkùn, tí ó sì fi ba ayé Támárì jẹ́. A kò sọ pé ẹni tí ó sá fún ìpàdé burú tó Ámínónì. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn méjèèjì fi ṣòwò: àánú ọmọnìkejì.

Àwọn aláìsàn tòótọ́ sì ni ó ń san gbèsè rẹ̀. Nígbà tí a wà ní sẹ́mínárì, àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí pe inú rírun ní ọjọ́ iṣẹ́ oko, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sì ro ebè tiwa. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ibà mú wa nítòótọ́, a sì rí iyèméjì lójú wọn. Àwọn kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ẹ rántí àwọn tí àìsàn wọn kì í hàn síta, bí àwọn fòníkú-fọ̀ladìde: irọ́ wa ni ó ń mú kí a máa wò wọ́n tìfura-tìfura.

Ẹ wo Eleasari nínú Ìwé Makabe Kejì, orí 6, ẹni 90 ọdún. Nígbà inúnibíni ọba Antiochus, àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú ẹran tí òfin gbà láyè wá, kí ó sáà díbọ́n pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni òun ń jẹ, kí ó lè yè. Ó kọ̀. Ó ní ìdíbọ́n kò yẹ ọjọ́ orí òun, yóò sì ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. Bàbá yẹn kò fi ìdíbọ́n ra ẹ̀mí rẹ̀. Àwa ń fi í ra ìsinmi wákàtí méjì, àwọn ọmọ wa sì ń gbọ́ wa lórí fóònù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ sọ òtítọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ọwọ́ mi kò tó gbogbo rẹ̀ lóṣù yìí, ìdajì nìyí.” “Ẹ má bínú, n kò ní lè wá.” Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbà ẹbí, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí òtítọ́ rí ibi jókòó sí lọ́dọ̀ yín, níbi tí èébú bá ti ń dúró de aláìní, irọ́ ni yóò máa wọlé. Ẹni tí ó bá sì ti pa irú irọ́ yìí, kí ó lọ tú u fún ẹni tí ó pa á fún.

Kí Olúwa wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí ó sì wo ẹnu tiwa náà sàn. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.